Orúkọ Tí Mo Fò Nínú Ìwé Ọjà

Yaba. Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Kẹfà, 1955

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́wàá tí mo di ìyàwó, inú mi sì dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sí ìkòkò omi láàárọ̀ yìí. Olówó orí mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ wọn ní réluwéè, níbi tí ó ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ. Mo dúró lójú fèrèsé títí tí ó fi yà sí ọ̀nà Sábó. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Mo kà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kìlọ̀ fún mi nídìí ààrò. Ó ní, "Ìyàwó, gbogbo ohun tí o bá nínú ilé yìí ló jù ọ́ lọ. O ò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe adìẹ."

Mo ní, "Adìẹ náà ní orúkọ, mà?"

Ó ní, "Kò ní. Ṣùgbọ́n bó bá ní, o ò gbọdọ̀ pè é."

Nítorí pé olùkọ́ ni ní Surulere, mo ti sọ ọ́ ní Àǹtí Tíṣà. Ó ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́, àmọ́ mo rí i pé ó rẹ́rìn-ín. Ti bàbá ọkọ mi kò le: Bàbá ni. Orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún wọn wà lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ ọ́ gàdàgbà. Lójoojúmọ́ ni mo ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ̀wé. Èmi tí mo lo ọdún márùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ girama, n kò lè ka ara ògiri ilé mi.

Ìṣẹ́gun, 7

Òjò láti ìdájí. Bàbá ní kí n wá sí pálọ̀. Idà, ọ̀kọ̀ àti àáké ogun ló kún ara ògiri wọn níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni Bàbá rà fúnra wọn, díẹ̀díẹ̀, fún ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi jẹ́ akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nísinsìnyí ojú Bàbá ti fọ́, wọn kò rí ohun ìjà náà mọ́. Dókítà ti sọ pé ojú náà kò ní padà.

"Ìyàwó, wọ́n ní o kàwé dáadáa."

"Mo gbìyànjú, sà."

"Ṣé ohùn rẹ kì í tètè há?"

"Kò há rí, sà. Èmi ni mo máa ń ka Bíbélì láàárọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa."

Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì sọ ìtàn náà fún mi. Jagunjagun ni baba wọn l'Ábẹ́òkúta. Nígbà tí ó gba ìgbàgbọ́, ó gbé idà rẹ̀ fún òyìnbó tí ó wàásù fún un, ó ní òun kò tún lò ó mọ́. Òyìnbó náà gbé e lọ sí ìlú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Bàbá nígbà náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gba owó oṣù ni wọ́n ti ń kọ̀wé sí àwọn òyìnbó tí ń ta ohun ìjà àtijọ́, kí wọ́n máa fi ìwé ọjà wọn, tí wọ́n to ohun tí wọ́n ń tà sí, ránṣẹ́.

Bàbá ní, "Òyìnbó kú, ọmọ rẹ̀ tà á. Ẹni tó rà á kú, wọ́n tún tà á. Kò sí ibòmíràn tí a ti lè bá irú idà bẹ́ẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà, àfi inú ìwé ọjà."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ rà á padà ni.

"Rárá. Mo fẹ́ mọ ibi tó wà. Mo mọ ibi tí a sin baba mi sí. N kò mọ ibi tí idà rẹ̀ wà."

Wọ́n ti ka gbogbo ìwé ọjà tí wọ́n gbà kí ojú tó lọ, Àǹtí Tíṣà sì ti ka àwọn tó dé lẹ́yìn náà fún wọn. Ohun tó kù ni àpótí kan tí wọ́n rà níbi gbàǹjo ẹrù òyìnbó réluwéè kan ní Ijora. Ìwé ọjà mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì kà wọ́n. Idà tí à ń wá fẹ̀ níwájú ju ìdí lọ, okùn idẹ ni wọ́n wé mọ́ èkù rẹ̀ tí a fi ń dì í mú.

"Bí kò bá sí nínú ìwọ̀nyí," Bàbá wí, "mo ti parí nìyẹn. N kò tún ní wá a mọ́."

Mo ní a ó rí i. N kò tilẹ̀ ronú kí n tó sọ ọ́.

Ẹtì, 10

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Nígbà tí mo bá ti se oúnjẹ ọ̀sán tán, Bàbá á jókòó sí àga wọn, èmi á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn. Mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń túmọ̀ èyí tó bá ṣòroó gbọ́. Ohun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ìlà kan tàbí méjì, àti iye rẹ̀. Wọ́n sì kó àwọn àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé. Mo ń kọ èyí tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ adúláwọ̀ sínú ìwé ìkọ̀wé mi. Bàbá máa ń dijú, ọwọ́ wọn á máa lu orúnkún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ṣì ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà.

Lónìí mo bá orúkọ Bàbá pàdé nínú ìwé. Ìbọn ìléwọ́ kan ni, ti ológun òyìnbó kan tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ahọ́n mi dúró fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ti bàbá kan." Bàbá mi orí, mo kọ B. sínú ìwé mi, a sì ń bá a lọ.

Mo sọ fún olówó orí mi nígbà tí ó dé. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀bà fi há a lọ́fun.

"Làbákẹ́, òyìnbó tó ti kú láti ọjọ́ yìí, ta ló máa bínú?"

"Etí tèmi á gbọ́."

"Kí lo kúkú máa ń pe èmi?"

Mo dá a lóhùn, àmọ́ n kò ní kọ ọ́ síbí.

Àbámẹ́ta, 11

Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì wá láti Mushin. Irin àtijọ́ ni ó ń rà, á tún un ṣe, á tà á fún àwọn tó ń kó ohun ìjà àtijọ́ jọ. Òun àti Bàbá ti mọra tipẹ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán inú àwọn ìwé ọjà ni ó fi ń mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ti ṣèlérí fún un pé èyí tí a bá ti kà tán, kí ó máa kó o lọ. Ó kó mẹ́fà.

Bàbá ní kí ó má gba gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ gbọ́.

"Bàbá, ẹni tó ń tajà ló kọ ọ́. Ṣé èmi náà kò ń tajà ni? Òyìnbó kan bi mí léèrè ibi tí idà kan ti wá. Ìlọrin ni, sà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Bìní ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo ní Bìní ni."

"Fàsásì, Ọlọ́run á dárí jì ọ́."

"Ó ti dárí jì mí, sà. Òyìnbó náà padà wá ra méjì."

Ọjọ́rú, 15

Òjò. Ìwé mẹ́ta. Kò sí. Àgbàdo tuntun ti dé, olówó orí mi ra sísun bọ̀ fún mi láti Jíbówú, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ wé e kí ó má bàa tutù, òun fúnra rẹ̀ sì rin gbindin.

Àìkú, 19

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wọ èkejì nínú àwọn aṣọ ìyàwó mi. Nígbà tí a dé, Àǹtí Tíṣà bá mi nídìí ọlọ.

"Ìyàwó akọ̀wé. Ṣé ẹ ti rí idà yín?"

"A ṣì ń kà á, mà."

"Odidi ọdún kan ni mo fi kàwé fún Bàbá. Ikọ́ ni mo rí níbẹ̀. Wọ́n á ti fi irin yẹn rọ ṣíbí nílùú òyìnbó, ẹnìkan á ti máa fi í ro tíì."

Mo ní bó bá jẹ́ ṣíbí, a ó ka ìwé ọjà àwọn tó ń ta ṣíbí. Ó kọjú sí ògiri kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23

Mo ń yára kàwé nísinsìnyí, bí ẹni ń ja ẹ̀fọ́. Ìwé ọjà ọdún 1931 la kà lónìí, ó nípọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì há gádígádí. A rí idà mẹ́rin níbẹ̀ tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa níhìn-ín: méjì láti Bìní, ọ̀kan láti ilẹ̀ Hausa, ọ̀kan láti Dahomey. A tún pàdé orúkọ Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Mo ní, "Láti ilé bàbá kan tó ti kú." Bàbá ní, "Dahomey kọ́ là ń wá. Máa lọ." Mo ń lọ.

Ọ̀pọ̀lọ́ kún àgbàlá. Gálọ́ọ̀nù gàrí ti fi tọ́rọ́ wọ́n sí i.

Àbámẹ́ta, 25

Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì kó méjìlá lọ. Ó bọ́ fìlà fún mi, ó ní, "Ìyàwó, ohùn yín ni wọ́n fi ń bọ́ mi o."

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Keje

Ó ku mẹ́rin. Bàbá kò jẹun tó bí wọ́n ti ń jẹ. Lónìí wọ́n ní kí n rọra kà, kí n má sáré. N kò rò pé nítorí kí wọ́n lè gbọ́ ni. Wọn kò fẹ́ kí ó tán.

Ọjọ́bọ̀, 7

A ka èyí tó gbẹ̀yìn tán. Kò sí.

Bàbá na ọwọ́ sínú àpótí, wọ́n fi tọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ káàkiri, bóyá ìkan ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "O ṣeun, ìyàwó. A wá a." Wọ́n sì ní kí n ti fèrèsé, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀.

Olówó orí mi ní kí n má sunkún, ó ní èmi kọ́ ni mo gbé idà lọ. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ pé a ó rí i.

Àìkú, 10

Mo gbọdọ̀ kọ èyí kí n tó sùn.

A lọ síbi ìrìbọmi ọmọ aládùúgbò wa. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Sylvester, orúkọ dókítà tó gbẹ̀bí rẹ̀. Nígbà tí a dé ilé, tí a ń jẹun, Àǹtí Tíṣà ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀: "Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta elùbọ́. Sylvester, wá gbé igbá."

Bàbá ní, "Má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Báwo ni èmi ṣe rí tèmi? Òyìnbó tó gba idà lọ́wọ́ baba mi, òun náà ló ṣèrìbọmi fún wa lọ́jọ́ náà gan-an. Baba mi fún un ní idà, òun sì fi orúkọ rẹ̀ sọ mí. N kò mọ orúkọ baba rẹ̀. Èyí tó fún mi yẹn nìkan ni mo mọ̀."

Gbogbo wọn ń jẹun lọ. Àwo ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo rọra gbé e sílẹ̀.

Ìwé ìkọ̀wé mi ni mo sá lọ wò. B. mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní, ológun oníbọn ìléwọ́, tó kú kí wọ́n tó bí baba Bàbá. Èkejì, ẹni tó tẹ ìwé ọjà kan. Ẹ̀kẹta: ìwé ọdún 1931, nọ́ńbà 212, idà, Dahomey, láti ilé olóògbé B. ní Norwich. Èmi kò tilẹ̀ ṣí ẹ̀yìn ìwé wo àwòrán rẹ̀, nítorí pé Dahomey ni wọ́n kọ. Ìwé náà wà lára méjìlá tí Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì kó lọ.

Ohun tí Bàbá fi ogójì ọdún wá ti kọjá lẹ́nu mi, mo sì gbé e mì.

Ọjọ́ Ajé, 11

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá láàárọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. N kò lè sọ orúkọ náà síbẹ̀, mo ní, "Orúkọ yín ni, sà. Mo fò ó."

Ọwọ́ wọn tó máa ń lu orúnkún dúró.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o má pe orúkọ nílé yìí?"

Àǹtí Tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. Ó ní, "Èmi ni, sà."

"O kọ́ ọ dáadáa," Bàbá wí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì kò sì mọ̀ bóyá kí a bá wọn rín in. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní Norwich. Wọ́n tún un wí, Norwich, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Àǹtí Tíṣà fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ní ọ̀la, bí a bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, èmi àti ìwọ á jọ lọ sí Mushin."

Ìṣẹ́gun, 12

Òjò bá wa lójú ọ̀nà, bọ́ọ̀sì ń jò, Àǹtí Tíṣà ṣí agbòòrùn sínú bọ́ọ̀sì, kọ́ńdọ́kítọ̀ sì ní kí ó sanwó fún agbòòrùn náà. Àǹtí Tíṣà ní kí ó kọ́kọ́ dí òrùlé bọ́ọ̀sì. N kò mọ̀ pé ó lè pa mí lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì, mo gbójú sókè. Gbogbo ògiri ni àwòrán: idà, ìbọn, àṣíborí, láti ilẹ̀ dé àjà. Ó ti fa ẹ̀yìn gbogbo ìwé ọjà náà ya, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, níbo ni èyí tí ẹ yọ wọ́n lára rẹ̀ wà?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ó wà nínú garawa ìdọ̀tí lẹ́yìn."

Àǹtí Tíṣà di àyà mú.

Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì ní, "Ẹ fara balẹ̀, mà. Èmi kì í ju ìwé nù, mo kàn ń tọ́jú wọn síbẹ̀ kí kòkòrò má mọ̀." Ó gbé wọn jáde, gbogbo méjìdínlógún, wọ́n gbẹ, wọn kò tilẹ̀ rin. Mo rí ọdún 1931. Mo rí nọ́ńbà 212, pẹ̀lú orúkọ náà, bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

A wá àwòrán rẹ̀ lára ògiri. Ó wà lókè ẹnu ọ̀nà. Idà tó fẹ̀ níwájú ju ìdí lọ ni, èkù rẹ̀ sì ní àmì wíwé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. A fi omi rẹ ẹ́, a fi ọ̀bẹ tọ́ ọ, kò kúrò. Bí a bá fà á, yóò ya.

Àǹtí Tíṣà ní, "Dahomey mà ni wọ́n kọ."

Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì ní, "Mo sọ fún yín nípa Ìlọrin mi."

Ọjọ́bọ̀, 14

Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìtajà náà ní Lọ́ńdọ̀nù, láti béèrè ẹni tó ra nọ́ńbà 212 àti ibi tó gbé e lọ. Bàbá ní kí n fi rẹ́jísítà ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò ní rẹ́jísítà. Èmi ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí wọn." Wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n sì béèrè fún sí i.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní, "Orúkọ nìkan kò tó, ìyàwó. Òyìnbó tó ń jẹ́ orúkọ náà lè pọ̀." Ó ń dùn wọ́n pé wọn kò lè rí àwòrán náà.

Àbámẹ́ta, 16

Olówó orí mi bá mi lọ sí Mushin. Ó mú bébà tí a fi ń ṣe àdàkọ wá láti ibi iṣẹ́, irú èyí tí ènìyàn lè rí òdìkejì rẹ̀. Ó gun àkàbà, ó fi bébà lé àwòrán lórí, ó sì ń tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo di àkàbà mú. Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú gbé ògiri náà lọ."

Ó pè mí láti òkè. "Làbákẹ́, ibì kan wà lẹ́bàá èkù níbí, ó dà bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ já. Àbí ìdọ̀tí ara ìwé ni? Ṣé kí n mú un tẹ́jú?"

Mo ní kí ó yà á bó ṣe wà. N kò tún ní fo ohunkóhun mọ́.

Ọjọ́rú, 20

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ínǹṣì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni idà náà gùn. Olówó orí mi ti fi ìyẹn ṣírò gbogbo rẹ̀, ó sọ àwòrán tí kò ju ìka lọ di bó ṣe tóbi gan-an. Ó gé e lára pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi bébà oníyanrìn yún un. Mo jókòó sínú eruku ayùn rẹ̀, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fàsásì fi okùn idẹ ránṣẹ́, ó sọ fún ẹni tó rán pé a kò gbọdọ̀ dárúkọ owó. A wé e mọ́ èkù rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21

Oòrùn ràn lónìí, àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ yìí. Gbogbo wa wà ní pálọ̀, Àǹtí Tíṣà pàápàá, ó ní orí ń fọ́ òun ni òun kò fi lọ síbi iṣẹ́.

Olówó orí mi gbé pákó náà lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ di èkù rẹ̀ mú, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n ní, "Ó fúyẹ́." Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ lọ síwájú, síbi tó ti fẹ̀, wọ́n sì mi orí. Wọ́n wá ń fi àtàǹpàkò bọ̀ lẹ́nu rẹ̀ padà sẹ́yìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó kan èkù, àtàǹpàkò náà wọ inú ibi tó já, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ta ló gé ibí?"

Ọkọ mi ní, "Ó wà nínú àwòrán, sà. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Làbákẹ́ ní kí n má mú un tẹ́jú."

Bàbá kò mú ìka wọn kúrò.

"Igi ayín ni," wọ́n wí. "Ìyá mi ní kí n wá igi ìdáná wá. Mo wo àáké, mo wo idà baba mi lára ògiri, mo mú idà. Igi ayín le ju irin lọ. Baba mi nà mí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ pọ́n ọn. Ó ní kí ó wà bẹ́ẹ̀, kí n lè máa rí i. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. N kò sọ fún ìyá yín pàápàá."

Àǹtí Tíṣà fi etí gèlè nu ojú.

Bàbá ní, "Ìyàwó, ka ìwé náà fún mi. Ka gbogbo rẹ̀."

Mo mú un. Mo wo Àǹtí Tíṣà, ó ń wo adìẹ tó wọlé. Mo ní, "Bàbá, orúkọ yẹn ńkọ́, sà?"

"Orúkọ òyìnbó ni. Èmi kàn yá a lò ni. Kà á."

Mo dìde dúró gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe nílé ẹ̀kọ́. Mo ka nọ́ńbà rẹ̀, mo ka gígùn rẹ̀, mo ka Dahomey tí kì í ṣe Dahomey, mo sì kà á dé ìparí: láti ilé olóògbé Theophilus Marden, ní Norwich.

Bàbá gbé pákó náà lé orúnkún.

"Tún un kà."

Mo tún un kà, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo jáde lọ pọn omi, mo dúró lábẹ́ ẹnu ọ̀nà, mo gbójú sókè, mo sì ka ara ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.